Ìgbàgbọ́ Ọjọ́ Ajé

Kóńgò tí ìyá mi fi ń wọn gàrí ní Ọjà'ba, n'Ìbàdàn, kò yàtọ̀ sí ti àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ bí èèyàn bá wò ó lókèèrè. Abọ́ páànù ni, etí rẹ̀ ti dán nítorí ọwọ́ tó ti ń kàn án fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdí rẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà. Ti ọ̀pọ̀ àwọn tó kù ti wú wọnú, torí pé wọ́n ti gbé e tọ arọ́páànù lọ, ó sì ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ láti ìta. Tí wọ́n bá bu gàrí sí irú kóńgò bẹ́ẹ̀, yóò kún, yóò ga ténté lókè, oníbàárà á máa dúpẹ́, kò sì ní mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ti jẹ ẹ̀kúnwọ́ kan tàbí méjì nínú ohun tí òun sanwó fún. Ti ìyá mi tẹ́ pẹrẹsẹ.

Lálẹ́, tí a bá ti ọjà dé, yóò fọ kóńgò náà, yóò dojú rẹ̀ dé, yóò sì fi àtẹ́lẹwọ́ pa ìdí rẹ̀ yípo. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló ń wá níbẹ̀. Ó ní àwọn èèyàn máa ń yá a lò lọ́jà, òun fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnìkan ti bá òun lù ú.

Ẹni tí kò tajà rí lè sọ pé kín ni ti kóńgò nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ẹni tí kóńgò rẹ̀ jẹ́ lílù lè dín owó ọjà rẹ̀ kù, torí ó mọ ibi tí òun yóò ti rí i padà. Oníbàárà tó ń ti ìsọ̀ kan bọ́ sí òmíràn, iye owó ló ń gbọ́, kì í yẹ ìdí kóńgò wò. Nítorí náà, obìnrin tó ń wọn ọjà rẹ̀ pé pérépéré ni gbogbo ayé ń pè ní ọ̀wọ́n. "Ìyá, tiyín ti wọ́n jù o!" Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ní kékeré títí inú mi fi ń ru sí àwọn tó ń sọ ọ́. Ìyá mi á rẹ́rìn-ín, á ní kí wọ́n lọ, kí wọ́n bọ̀.

Ọdún kan wá wà tí ọjà kò tà rárá. Owó ilé ẹ̀kọ́ wa wà nílẹ̀, ó sì ń dá àjọ kan tó ti fẹ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, onígbàgbọ́ bíi tirẹ̀, fi inú rere gbà á nímọ̀ràn. Ó ní ṣebí gbogbo ọjà ló ń ṣe é, àti pé Ọlọ́run mọ ọkàn kálukú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá mi ní kí n gbé kóńgò, kí n máa tẹ̀lé òun. Ọmọ ọdún 11 ni mí nígbà náà. A dé ọ̀dọ̀ arọ́páànù. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ bèèrè ohun tí a bá wá. Ó gba kóńgò, ó dojú rẹ̀ dé orí irin, ó na òòlù sókè.

"Ẹ dúró ná," ni ìyá mi wí.

Ó dákẹ́. Òòlù wà lókè, ọkùnrin náà ń wò ó, èmi náà ń wò ó. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ bá mi tún etí rẹ̀ ṣe. Ó ti fẹ́ máa ya mí lọ́wọ́."

Arọ́páànù tún etí rẹ̀ ṣe. A san owó, a sì gba ọjà lọ. Ìyá mi kò fi ọ̀rọ̀ náà jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, n kò sì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́ títí ó fi kú.

Mo ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ láti ìgbà náà lórí bí onígbàgbọ́ ṣe ń dàgbà. Mo ti ka ìwé lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí wọ́n bá mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà, ibi tí ọkàn mi ń lọ ni abẹ́ àtíbàbà arọ́páànù yẹn, níbi tí obìnrin kan ti jẹ gbèsè, tí òòlù wà lókè, tí kò sì sí pásítọ̀ kankan nítòsí.

Àwa Yorùbá ti fi orúkọ tó jinlẹ̀ sọ àwọn tó ń tẹ̀lé Kírísítì. Onígbàgbọ́ la pè wọ́n. Gbà, gbọ́: ọ̀rọ̀ méjì tí ẹnikẹ́ni lè ṣe nínú ilé, láìsí ẹni tó ń wò ó. Ojú kò sí nínú orúkọ náà. Síbẹ̀ ojú la fẹ́ máa fi wọn ìgbàgbọ́ báyìí. Ẹni tí ohùn rẹ̀ le jù nínú àdúrà, ẹni tí ìṣọ́ òru kan kò fò kọjá, ẹni tó mọ orúkọ gbogbo àgọ́ ìpàdé tó wà lójú ọ̀nà márosẹ̀, òun la ń sọ pé ó ti dàgbà nínú Olúwa. Èmi náà ń lọ sí ìṣọ́ òru, mo sì ti rí ìrànlọ́wọ́ gbà níbẹ̀. N kò ní fi ẹnu tí mo fi kọrin níbẹ̀ bú u. Ohun tí mo ń sọ ni pé ilẹ̀ a máa mọ́, a ó sì padà sílé.

Ẹ wo ìtàn wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ dáadáa. Ìsọjí ńlá tó wáyé ní Òkè Oyè, n'Ílẹ́ṣà, ní 1930 la máa ń rántí, bí èrò ṣe ń wọ́ tìrítìrí láti ìlú gbogbo wá síbẹ̀. Ibi iṣẹ́ ni ìpè Ọlọ́run ti bá a ní ọdún méjì ṣáájú ìgbà yẹn. Ọkọ̀ tí ń tẹ ọ̀nà ló ń wà fún ìjọba nígbà náà, lójú ọ̀nà Ìkejì-Arákejì, ọkọ̀ náà kọ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, ó sì ń tún un ṣe lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ohùn. Mo máa ń ro ó pé ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe nínú oòrùn ni Ọlọ́run lọ bá níbẹ̀, pẹ̀lú òróró ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́. Àwọn èrò tó sì wá sí Òkè Oyè, ilé ni wọ́n padà lọ. Àwọn ìyàwó, ọkọ, ẹrù gbèsè, ọ̀tá àtijọ́, gbogbo wọn ló wà nílé tí wọ́n ń dúró dè wọ́n. Ibẹ̀ ni a ó ti mọ ohun tí wọ́n rí gbà.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, làwọn àgbà wí. Àwọn baba wa nínú ìgbàgbọ́ mọ èyí, wọ́n sì ti ṣètò rẹ̀ rí. Nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí wọ́n tọ́ mi dàgbà sí, kíláàsì la ń pè é. Púpọ̀ nínú wa tó ń san owó kíláàsì kò mọ ibi tó ti ṣẹ̀. Gbèsè ló bí i. Ní 1742, ní ìlú Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ènìyàn John Wesley, ẹni tó dá Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, jẹ gbèsè lórí ilé ìpàdé wọn, wọ́n sì jókòó láti wá bí wọ́n ṣe máa san án. Ọkùnrin kan tó ti jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi dìde, ó ní kí kálukú máa dá pẹ́nì kan lọ́sẹ̀. Wọ́n ní àwọn kan wà tí wọn kò ní in. Ó ní kí wọ́n kó mọ́kànlá nínú àwọn tó tálákà jù fún òun. Òun yóò máa lọ bá wọn nílé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹni tí kò bá sì rí i san, òun yóò san tirẹ̀ mọ́ ti ara òun.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, tí wọ́n ń wọ ilé kiri nítorí pẹ́nì kan. Ẹni tó bá wọ ilé onílé kò ní ṣàìrí ohun tó wà níbẹ̀. Wọ́n bá ọkọ tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà. Wọ́n bá ẹni tí ọtí ti pa. Wesley gbọ́ ìròyìn wọn, ó sì rí i pé ohun tí òun ti ń wá tipẹ́ ló bọ́ sí òun lọ́wọ́ yìí: bí a ṣe lè mójú tó ọkàn èèyàn ní ibi tí ọkàn náà ń gbé. Owó lọ di ẹ̀yìn, ìtọ́jú ara ẹni bọ́ síwájú. Nígbà tí míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì, Thomas Birch Freeman, fi gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù kẹsàn-án 1842, ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé lẹ́yìn náà, kíláàsì ti di egungun ẹ̀yìn ìjọ rẹ̀.

Mo bá díẹ̀ nínú rẹ̀ láyé. Olórí kíláàsì ìyá mi jẹ́ bàbá àgbàlagbà kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere. Ọjọ́bọ̀ ló máa ń wá. Kì í kọ́kọ́ ṣí Bíbélì. Yóò jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, yóò ní, "Ọmọ mi, ṣé ẹ rí jẹ?" Bí ìyá mi bá dáhùn, yóò tún bèèrè pé, "Ìwọ àti ìyá ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé ẹ ti ń sọ̀rọ̀?" Ìbéèrè kejì yìí le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo rántí ọjọ́ tí ìyá mi kò fèsì, tí bàbá náà kàn jókòó síbẹ̀ tí ó ń wo àwọn adìyẹ, láìsọ nǹkan kan, láìlọ, títí ìyá mi fi gbé orí ìkòkò, tó bu ọbẹ̀ sí abọ́, tó dé e, tó sì rán mi sí ìyá bàbá mi ní yàrá ẹ̀yìn. Ìgbà náà ni bàbá yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí a gbàdúrà.

Lónìí, nínú ọ̀pọ̀ ìjọ, káàdì ni kíláàsì. Wọ́n ń sàmì sí i bí o bá ti sanwó. Bí ó bá ṣẹ́ kù sílẹ̀ tí èèyàn sì kú, àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá san án kí ṣọ́ọ̀ṣì tó sin ín. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ láti inú owó tó di ìfẹ́, a ti sọ ọ́ di owó padà. Mo ń sọ èyí pẹ̀lú ìrora, nítorí mo fẹ́ràn ìjọ yìí. Ẹ̀yin àlùfáà àti ẹ̀yin olórí kíláàsì, mo bẹ̀ yín, ẹ tún máa lọ sílé àwọn èèyàn yín. Ẹ lọ láìmú káàdì dání.

Ẹlòmíràn lè ní ọ̀rọ̀ ilé kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ Olúwa tẹ̀ síwájú, pé ọkàn tó ń ṣègbé ló yẹ kí a lọ máa wá. Èmi a rán irú ẹni bẹ́ẹ̀ létí Àfàlà, ìyá Samuel Ajayi Crowther. Ní 1821 ni àwọn akónilẹ́rú ya wọ Òṣogùn, tí wọ́n kó ìyá àti ọmọ, tí wọ́n sì yà wọ́n nípa. Ọmọ náà gba ọwọ́ olówó kan dé ọwọ́ òmíràn títí wọ́n fi kó o sínú ọkọ̀ òkun. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ìyá náà fojú winá oko ẹrú tirẹ̀. Ọdún 25 ni wọn kò fi ojú kan ara wọn. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní Abẹ́òkúta ní oṣù kẹjọ 1846, ọmọ ti di àlùfáà tí wọ́n fi joyè ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ti ń kọ èdè Yorùbá sílẹ̀, ó ti ń fi í wàásù. Wọ́n di ara wọn mú, kò sí èyí tó lè sọ̀rọ̀ nínú wọn, omijé ló kàn ń dà.

Bí ìfẹ́ bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, ìyá yìí ì bá ti ṣe ìrìbọmi lọ́sẹ̀ kejì. Ta ló tún mọ ọ̀rọ̀ sọ ju ọmọ rẹ̀ lọ? Oṣù kejì ọdún 1848 ló tó ṣe é, ọdún kan àti ààbọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n pàdé. Wọ́n sọ ọ́ ní Hánà, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Mo gbà pé oṣù tó wà láàárín ìgbà méjèèjì yẹn ni iṣẹ́ tòótọ́ ti ṣẹlẹ̀. Ìyá tó ti rí ọ̀pọ̀ ìwà ìkà nínú ayé nílò àsìkò láti wo bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀, bí ó ṣe ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ jẹun, ohun tó ń ṣe bí inú bá bí i.  Ọdún 1883 ni ìyá náà kú, nígbà tí ọmọ rẹ̀ ti di bíṣọ́ọ̀bù fún nǹkan bí ọdún 19.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú Bíbélì Yorùbá tí mo máa ń dúró lé lórí. Nínú lẹ́tà tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Gálátíà, níbi tó ti ka èso ti Ẹ̀mí, ìpamọ́ra wà lára wọn. Kì í ṣe sùúrù nìkan. Ohun tí a pa mọ́ ara ni: ọ̀rọ̀ tó ti dé ètè tí a gbé mì, ẹ̀san tó ti wà ní ìkáwọ́ ẹni tí a kò gbà. Ara ló ń gbà á, ara ló sì ń dùn. Èmi mọ̀, nítorí mo ti kùnà rẹ̀ rí, ní gbangba.

Ayálégbé mẹ́ta ni wá nínú ilé kan tí mo gbé rí, mítà iná kan ṣoṣo la sì jọ ń lò. A jọ ń dá owó tí a fi ń ra iná. Ó di ìgbà kan, ohun tí a máa ń rà fún ọ̀sẹ̀ méjì kò ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ mọ́. Mo fura sí aládùúgbò mi tó wà nísàlẹ̀. Mo gbọ́ tí ẹ̀rọ amúǹkantutù rẹ̀ ń ké lóru, mo rí i tó ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ gbogbo ọ̀sẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé kan, iná kú bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo sì pe ọkùnrin náà ní olè lójú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, èmi ni mo ka ẹ̀kọ́ kejì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ohùn mi já gaara. Wọ́n kí mi lẹ́yìn ìsìn.

Oṣù méje ni a kò fi kí ara wa. Ẹ̀yin tó jẹ́ Yorùbá mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Àwa tí a ní ìkíni fún ẹni tó jókòó, fún ẹni tó dìde, fún ẹni tó ń gbálẹ̀, fún òjò, fún ọ̀gbẹlẹ̀: kí èèyàn méjì máa kọjá lára wọn ní àtẹ̀gùn láàárọ̀ láìsí "ẹ kú ojúmọ́" jẹ́ irú ikú kan. Àwọn ọmọ wa kò bá wa dá sí i, wọ́n jọ ń ta bọ́ọ̀lù nínú ọgbà. Ìyàwó mi náà kò bá mi dá sí i. Gbogbo ọjọ́ tó bá ti sè mọ́ín-mọ́ín, ó ń yọ mẹ́rin sọ́tọ̀ tí ó ń gbé sọ̀ kalẹ̀. Mo bínú sí i. Mo ní ó ń tú mi fó. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá wa, ebi kò mọ mítà." Ó sì gbé abọ́ rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ tí Jésù sọ lórí ẹni tó mú ọrẹ wá síbi pẹpẹ, tó wá rántí pé arákùnrin òun ní nǹkan nínú sí òun, mo mọ̀ ọ́n lórí. Mo ti fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ rí. Ohun tí n kò tíì kíyè sí ni pé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ kọ́ ni Jésù ń dúró dè nínú ọ̀rọ̀ náà; ẹni tó mú ọrẹ dání ni kó dìde. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo bá aládùúgbò mi nílẹ̀ tí ó ń fọ ọkọ̀ rẹ̀. Mo dúró. Mo ní, "Ẹ kú ojúmọ́, sà. Mo pè yín ní olè. N kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹ máà bínú." Ó fún aṣọ tó fi ń fọ ọkọ̀, omi dà sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. A kò dì mọ́ ara wa, ẹnikẹ́ni kò sunkún. Ọjọ́ kejì, a kí ara wa. Ọjọ́ kẹta, ó bi mí léèrè iṣẹ́. Ó tó oṣù kan gbáko kí ó tó lè bá mi rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, a gbé oníṣẹ́ iná wá, ó sì bá wáyà kan nínú ògiri tó ti ń jò fún ìgbà pípẹ́. Aládùúgbò mi kò sọ fún mi pé ṣebí òun wí bẹ́ẹ̀. Ìpamọ́ra ni mo rí yẹn, ojúkojú, mo sì mọ̀ lọ́jọ́ náà ẹni tó dàgbà nínú Olúwa láàárín àwa méjèèjì. Ó ṣeé ṣe kí ó má tíì gun orí pẹpẹ ka ẹ̀kọ́ rí.

Ìyá mi ti sùn nínú Olúwa. Níbi ìsìnkú rẹ̀, àwọn èèyàn sọ ohun tí wọ́n máa ń sọ: pé ó jẹ́ ẹni àdúrà, pé ó fẹ́ràn ilé Ọlọ́run. Obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí wá bá mi lẹ́yìn ìgbà tí èrò ti ń tú ká. Ó ní òun ti ra gàrí lọ́wọ́ ìyá mi fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Gàrí ìyá yín máa ń pẹ́ nílé wa kó tó tán. N kò mọ ohun tó fà á." Mo wò ó, mo fẹ́ sọ ọ́ fún un. N kò sọ ọ́. Àbúrò mi obìnrin ló jogún kóńgò náà, ó ń lò ó lọ́jà di òní, ìdí rẹ̀ sì tẹ́ bó ṣe wà.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹnìkan bá wà ládùúgbò yín, nínú ẹbí yín, lórí àga kan náà ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹ kò kí mọ́, ẹ kí i lọ́la bí ilẹ̀ bá ti mọ́. Ẹ má dúró di ìgbà tí ọkàn yín bá rọ̀. Tèmi kò tíì rọ̀ lọ́jọ́ tí mo lọ.